Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Da Díìsìkì Tí Lẹ́tà Ọmọ Mi Wà Nínú Rẹ̀ Nù

Ilé Àjàyí,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìlúmọba-Èkìtì.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹta, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlera Orókè,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

LÍLÉ TÍ WỌ́N LÉ SÙMÁYÀ ÀJÀYÍ, ÀTI DÍÌSÌKÌ ÍMEÈLÌ TÓ WÀ NÍ YÀRÁ ÌKẸ́RÙSÍ YÍN

1. Àgbẹ̀ kòkó ni mí. N kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ọmọ mi jẹ.

2. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, Rùkáyátù aya mi, ìyá Sùmáyà, jáde láyé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú mọ́jú kí a tó sin ín. Òfin yín sì ni pé ímeèlì nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba àyè, ẹ kì í gba ìwé. Inú ọkọ̀ ni Sùmáyà ti kọ ọ́. Akọ̀wé Àgbà yín, Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, fi ímeèlì dá a lóhùn pé kí ó lọ sin ìyá rẹ̀, yóò ṣe ìdánwò ọjọ́ náà nígbà tó bá dé. Sùmáyà kà á sí mi létí lẹ́bàá sàréè.

3. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ímeèlì yín sì bàjẹ́. Bámijókò tó ń tún un ṣe sọ fún Akọ̀wé Àgbà pé òpin oṣù Kìíní ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gbẹ̀yìn; bí wọ́n bá dá ìyẹn nìkan padà, gbogbo lẹ́tà oṣù Kejì yóò pòórá. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ méjì láti tún díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà tó bàjẹ́ ṣe, níbi tí àwọn lẹ́tà wà. Akọ̀wé Àgbà ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá, kí ó dá ti àtijọ́ padà kíá. Ó dá a padà. Lẹ́tà méjèèjì, ti Sùmáyà àti èsì rẹ̀, kúrò lórí fóònù Sùmáyà náà, nítorí ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín nìkan ni fóònù rẹ̀ ń fi hàn.

4. Wọ́n ní ó sá ìdánwò, wọ́n lé e. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bàbá rẹ̀. Ó ní òun kò rántí òkú kankan. Ó ní: “Bàbá, ohun tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, kò ṣẹlẹ̀.”

5. Bámijókò ní díìsìkì náà ṣì wà nínú páálí ní yàrá ìkẹ́rùsí, òun sì lè yọ lẹ́tà inú rẹ̀. Ó ní kí n dárúkọ òun. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé Àgbà ti pàṣẹ pé kí wọ́n kó pàǹtí yàrá náà dànù ní ọjọ́ Ẹtì yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Akọ̀wé Àgbà yín fẹ́ kí òtítọ́ ti wà lórí ààtàn kí ọjọ́ náà tó pé.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ gba díìsìkì náà lónìí, kí Bámijókò tún un ṣe lójú yín. Bí lẹ́tà náà kò bá sí níbẹ̀, n kò ní wí nǹkan kan mọ́.

7. Mo so lẹ́tà tí ẹ fi lé e mọ́ èyí. Ó bá wa níbi tí a ti ń múra ìṣínu. Kí kọ̀ǹpútà yín tó bàjẹ́, Sùmáyà ti fi ímeèlì sọ fún yín pé kí ẹ fi orúkọ mi rọ́pò ti ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí tí ẹ ó máa kọ̀wé sí; ìyẹn náà ti pòórá. Aya mi ni ẹ kọ lẹ́tà lílé náà sí. Ẹ ní kí ó yọjú fúnra rẹ̀, kí ó wá sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọjọ́ ìdánwò. Sùmáyà ló kà á fún mi. Bí kọ̀ǹpútà yín bá mọ bí a ti ń dá ọjọ́ padà, ẹ ní kí ó dá Rùkáyátù padà, yóò wá jẹ́rìí.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,

Nùrẹ́nì Àjàyí,
Bàbá Sùmáyà.