Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mo Fi Dá Iṣẹ́ Abẹ Bàbá Mi Dúró

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìfaradà ikọ́. Mo kí Màámi. Mo kí Bọ̀dá Wálé tó ń gbé yín lọ sí ọsibítù láti Bàrígà. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí ilé tó wà nínú irú àríyànjiyàn tiwa pọ̀.

Òjò kì í dá nílẹ̀ òkèèrè níbí, òtútù sì ń mú. Iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí ni kí ọkọ̀ akẹ́rù kankan má pẹ́ lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Tó bá pẹ́ ní wákàtí kan, èmi ni wọ́n máa bi.

Nígbà tí dókítà ní òun máa la ẹ̀gbẹ́ àyà yín, kí òun lè gé ibi tí jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kúrò, mo pe Màámi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ síwèé. Mo ti kà nípa èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe láti ojú ihò kéékèèké: ìrora rẹ̀ kéré, aláìsàn sì ń tètè délé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Ṣómólú, ẹ ò tíì tún ọ̀kan ṣe láì ṣí ìdérí rẹ̀. Mo ní èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń kọ̀wé kiri sí àwọn ọsibítù tó ń fi kámẹ́rà ṣe é.

Lánàá, dókítà pè mí. Ó ní ihò kéékèèké dáa, òun náà ì bá yàn án, àmọ́ kókó tiyín ti sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Àwọn tó fi ihò bẹ̀rẹ̀ pàápàá, tí wọn ò bá ríran dáadáa, wọ́n á là á láàárín iṣẹ́ ni. Ó ní àwòrán inú àyà yín ti pẹ́ jù, àfi kí wọ́n ya òmíràn. Ó wá bi mí pé ta ló ní kẹ́ ẹ dúró. Mo ní èmi ni.

Bàbá, ẹ má dúró dè mí mọ́. Ẹ lọ ya àwòrán náà lọ́jọ́ Ajé. Tó bá ṣì ṣeé ṣe, ẹ fọwọ́ síwèé, kí wọ́n là á. Yóò dùn yín gan-an, ara yín yóò sì pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Tí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ jù fún iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, ẹ má ṣe pa á mọ́ torí ẹkún mi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ọwọ́ dókítà má gbọ̀n. Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún Màámi pé ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe, kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi