Àbùlẹ̀ tí Mo Fi Bo Èbúté

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ara yín le koko. Ara tèmi le, oúnjẹ ń wọlé, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó fún ọ. Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ọ́ lóṣù yìí tí o kò gbé e. Ìyàwó rẹ tó wá kí mi lónìí ló gbà láti mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la. Jọ̀ọ́, má fà á ya kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó bí ọ nínú yé mi. Lọ́jọ́ tí o yí ọkọ̀ ojú omi padà pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀ nítòsí erékùṣù tí òkè tó ń yọ iná wà lórí rẹ̀ yẹn, o pè mí nígbà tí o padà dé ibùdó, o sì fi fóònù síta kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè gbọ́ ohun tí mo máa sọ. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ti ń yọ níbi tí à ń gúnlẹ̀ sí. Omi ibẹ̀ ń hó. Ojú mi ló rí i." Èmi nínú ọ́fíìsì mi, mo ṣí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, mo rí èbúté náà kedere, mo sì dá ọ lóhùn létí ọ̀gá rẹ pé, "Kò sí nǹkan tó yọ níbẹ̀. Àbí kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n máa gba ojú rẹ gbọ́?" Lójú ẹsẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógún lo ti ń tukọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ojo.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ọ dáadáa, torí ìfọ́nnu ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ti ń sọ fún ọ nípa rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń jò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àwòrán àwọn erékùṣù á dé sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì fi èyí tó dé wé ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà kan. Mo ti rí yanrìn etíkun tó ṣí láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láàárín oṣù mẹ́rin. Mo ti rí erékùṣù kékeré kan tó yọrí láàárín òkun, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, títí omi fi jẹ ẹ́ tán.

Àwọsánmà ni ìyọnu wa. Òkè oníná yẹn kì í ṣí fìlà lórí. Nínú àwòrán mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á funfun bí òwú. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Dídán lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fẹ́ rí funfun kankan nínú máàpù tí a ń tà. Ó máa ń ní, "Kò sẹ́ni tó ń ra àwọsánmà." Nítorí náà, ibikíbi tí àwọsánmà bá bò, a máa gé e dànù, a ó fi àwòrán àtijọ́ ṣe àbùlẹ̀ sí i, a ó sì kun etí rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ó máa ń dán lóòótọ́. A kì í kọ ọjọ́ tí wọ́n ya àbùlẹ̀ náà sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tún lọ wo èbúté náà, torí ohùn rẹ kò kúrò létí mi. Mo rí àmì funfun kékeré kan lẹ́bàá omi: òrùlé páànù ibi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé atẹ́gùn ti ṣí òrùlé yẹn gbé sọ sínú òkun. Mo yẹ ìwé iṣẹ́ wò kí n lè mọ ẹni tó ṣe àbùlẹ̀ ibẹ̀, orúkọ mi ni mo bá. Èmi ni mo fi àwòrán ọlọ́dún méjì bo èbúté, tí mo gbàgbé, tí mo wá fi iṣẹ́ ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di òpùrọ́. Ojú tì mí gidigidi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá Ọ̀gá Dídán fà á títí ohùn mi fi há. Ó ní máàpù ti tà káàkiri, a kò lè tún un ṣe àfi tí mo bá mú àwòrán tuntun tó fi ibẹ̀ hàn wá. Oṣù mẹ́rin sì rèé tí àwọsánmà kò ṣí níbẹ̀. Nígbà tí mo ń lẹ irọ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ẹ̀rí. Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n wá ń béèrè. Mo pe ọ̀gá tìrẹ náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Madáàmù, àbúrò yín ṣáà ni, ó yé mi." Atukọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú èrò méjìlélógójì, gbogbo wọn sì kọ etí ikún sí mi. Ó sú mi pátápátá.

Máa bínú sí mi nìṣó tó bá wù ọ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ní o ti búra pé o kò ní tẹsẹ̀ bọ ibùdó ọkọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, gbójú fo ìtìjú yẹn. Lọ bá atukọ̀ náà fúnra rẹ, kí o sọ àwọ̀ omi àti ibi tí o ti yí ọkọ̀ padà fún un. Ó ṣeé ṣe kó gba tìrẹ gbọ́ ju tèmi lọ.

Kí Ọlọ́run dá iyì rẹ padà fún ọ. Kó pa àwọn èrò yẹn mọ́. Kó má jẹ́ kí ojú tí o fi ń ṣọ́ ọ̀nà fún ọmọlọ́mọ ṣú láéláé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó ṣẹ̀ ọ́.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa lánàá, mo tún já a. Àwọsánmà ṣí láàárọ̀ yìí, ìdajì péré. Ibi tí o ti ń gúnlẹ̀ ti di ilẹ̀ dúdú, ó nà wọ inú omi bí ìka ọwọ́. Ọ̀gá Dídán ní kí n fi ti àtijọ́ bo ìdajì tó kù kó tó jáde. Mo kọ̀, mo sì kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì. Àwòrán náà wà nínú àpò yìí bó ṣe dé gan-an, tàwọsánmà tàwọsánmà, mo sì kọ ọjọ́ sí i lẹ́yìn. Mú un lọ fún ọ̀gá rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Tó bá bi ọ́ pé ta ló rí i, sọ fún un pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i, òní ni sátẹ́láìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.