Aṣọ Tí Ìyá Rẹ Rán fún Ẹnu Ọkọ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹni tó wà nínú rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ta ọ́ nípàá? Wẹ́rẹ́ ni wàá bí i, a ó gbóhùn ọmọ, a ó gbóhùn tìrẹ náà.

Ọkọ̀ tí o rà fún wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní ká tọ́jú rẹ̀, a sì tọ́jú rẹ̀ débi pé ìyá rẹ gé kọ́tìnnì yàrá wa, ó fi rán aṣọ sí i lẹ́nu níwájú, ó fi rọ́bà so ó pinpin, kí eruku má baà wọ̀ ọ́ nínú. Kò pẹ́ tí éésì fi bẹ̀rẹ̀ ìranù: á tutù díẹ̀, á tún dákẹ́, á máa fẹ́ ooru. O sì mọ̀ pé ooru máa ń mú kí ìyá rẹ dákú. Ó ní òun ò lè wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá ọ tọ́jú ọmọ, kí o wá ẹlòmíì. Ẹlòmíì wo? Èmi ò gbà.

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó fi nǹkan kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ hàn mí lára páìpù éésì, ó ní sẹ́ńsọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ bí gáàsì ṣe ń ti páìpù tó. Tí gáàsì bá jò tó ṣẹ́ kù díẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ éésì dúró kó má baà bàjẹ́. Tó bá sì ń tì jù, á tún ní kó dúró kí páìpù má baà bẹ́. Mo ní olófòófó ni, kó yọ ọ́ dànù. Ó ní bàbá, ẹ rọra o, òun ló ń gba ọkọ̀ yín là. Mo béèrè ohun tó ń jẹ, ó ní iná bátìrì díẹ̀ ni. Mo ní ṣé kò lè bá mi de ọ̀kan mọ́ ìyàwó mi, torí òun náà máa ń ru sókè láìsí ẹni tó lè dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí irinṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó wo iwájú ọkọ̀ ló pariwo pé ta ló dí i lẹ́nu báyìí. Ó ní atẹ́gùn tó yẹ kó tu gáàsì lára ni aṣọ yẹn dí, ni gáàsì ṣe ń gbóná tó ń ti páìpù, ni sẹ́ńsọ̀ ṣe ń pa éésì. Ó tú aṣọ kúrò, éésì tutù débi pé mo sín.

Wàhálà wá kù sí mi lọ́rùn. Tí ìyá rẹ bá gbọ́ pé aṣọ òun ló fà á, kò ní tẹ̀ lé mi. Mo sọ fún un pé sẹ́ńsọ̀ ló ní aṣọ náà rẹwà jù fún iwájú tí eruku wà, ẹ̀yìn ló yẹ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ lójú báyẹn. Ó ti di ẹrù rẹ̀.

Sátidé là ń bọ̀. Jọ̀wọ́, yin aṣọ náà kí o tó kí mi. Fi owó epo ránṣẹ́, kí o fi ti kọ́tìnnì tuntun kún un, torí àwọn aládùúgbò ti ń kí mi lójú fèrèsé kí n tó wọ ṣòkòtò.

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ilé rẹ á tutù. Ṣùgbọ́n gbé ọkọ̀ tìrẹ pamọ́ ká tó dé: ìyá rẹ ti ki téèpù ìwọ̀n aṣọ sínú báàgì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.