Ojú Tó Ń Ki Okùn Bọ Abẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lasunwon níbí. Mo kí Bùrọ̀dá Làmídì àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìwó.

Òjò ò dáwọ́ dúró ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ díẹ̀díẹ̀, àárò yín ló ń sọ mí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí Bùrọ̀dá bá mi sọ lórí fóònù lánàá. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ń kúnlẹ̀ kí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kì í dá a lóhùn, àwọn sì fẹ́ pe ẹbí jọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn béèrè bóyá ojú ni, ẹ ní ojú yín ń ríran kedere, ẹ ṣì ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò.

Ìyá mi, èmi náà ń fi abẹ́rẹ́ yangàn. Àwa méjèèjì la jọ ní ìtọ̀ ṣúgà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹsẹ̀ lèmi ń ṣọ́ ní tèmi, torí wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ kì í tètè san lára wa. Ìyá onílé mi bá mi jà pé mo ń kọjá lára àwọn láràárọ̀ láìkí wọn, pé owó ti ń gùn mí. Mo rò pé ìjà ni wọ́n ń wá. Apá òsì mi ni wọ́n máa ń jókòó sí. Àfìgbà tí mo ń gbé aṣọ oníbàárà lọ, tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo, ni mo gbẹ́sẹ̀ lé ibi tí pákó ò sí lápá òsì yẹn kan náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló fà mí yọ nínú ọ̀sà.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó ní gílákómà ni. Ó ní kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ, àárín á ṣì máa ríran. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń tàn wá. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ lórí wa ju ti ẹlòmíì lọ, ó yẹ ká máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún. Èyí tó ti lọ lójú mi ò ní padà mọ́. Ìyókù ni oògùn tí mò ń kán sí i ń dáàbò bò. Mo sunkún, Ìyá mi. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ fún yín tipẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí pé tiyín náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bùrọ̀dá gbé yín lọ sí ọsibítù ojú lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí ẹ bá kọ̀, èmi fúnra mi ń bọ̀ wá mú yín.

Ọlọ́run Ọba á bá wa dá ojú yín sí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ sì bá mi bẹ ìyàwó Bùrọ̀dá kó má bínú; kó máa wá síwájú yín gan-an kó tó kúnlẹ̀, kí ẹ lè rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù