Ọkàn Kan Wà Nílé Tí O Lè Fi Kọ́ṣẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ò mú ọ jù? Ẹni tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Bàbá rẹ ń kí ọ, ó ti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, àmọ́ kò tíì ṣeé tì.

Má bínú nítorí ìpè àárọ̀ Sátidé. O ń ṣe hẹ́lò títí, mi ò dáhùn. Kò sóhun tó ṣe mí, àyà ni mo gbé fóònù lé. Àbúrò rẹ ló sọ pé o fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọkàn níléèwé ìṣègùn yín, pé bí o bá tún un ṣe tí kò bọ́ sí i, wọn á ní kí o máa bọ̀ nílé, pé o sì ń sunkún. Mo wá rò ó pé inú ìwé ni ọkàn tí wọ́n fi ń kọ́ yín wà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni, nílùú tí àwọn onílé fúnra wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni yóò ṣe yé èèyàn? Tèmi wà níhìn-ín, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ ilé wa fi ìka tọ́ka ibi tó ti ń dún jù hàn mí, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń gé aṣọ sàmì síbẹ̀ lára ẹ̀wù mi, kí fóònù má bàa ṣìnà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù kì í gbọ́ irú ẹ̀. Mo ní ṣebí ó ń gbọ́ ohùn mi, ibo ló rò pé ohùn ń gbà jáde?

Nígbà tí mo ń kọ́ aṣọ rírán, mo ba ṣòkòtò oníbàárà jẹ́, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́ pé mò ń lọ sílé. Ọ̀gá mi kò bá mi jà, aṣọ tó fẹ́ràn jù nínú àpótí rẹ̀ ló tẹ́ síwájú mi, ó ní kí n gé e, pé àkísà kì í kọ́ ọwọ́ ní sùúrù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì gé e tọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún ọ ní ọkàn tèmi.

Ní ti owó, mi ò béèrè púpọ̀: fi owó fóònù díẹ̀ ránṣẹ́, kí ìpè má bàa já níbi tí o ti ń gbọ́ ọkàn mi lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, màá pè ọ́. Má ṣe hẹ́lò, ṣáà dákẹ́, kí o fetí sí i. Bí kò bá sì bọ́ sí i, máa bọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ọmọ mi, orí mi á tì ọ́ lẹ́yìn. Abẹ́ ọkàn yìí lo gbé fún oṣù mẹ́sàn-án kí o tó gbọ́ èdè kankan. Wàá dá a mọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.