Ìkẹ́dùn Lórí Niruben Dalwadi, àti Ẹ̀bẹ̀ Nípa Lẹ́tà Tí A Kọ Sí Wọn Ní Ọjọ́bọ̀

Sí Kirtibhai Dalwadi àti gbogbo ẹbí,
Vadodara.

Pẹ̀lú ọkàn tí kò tíì gbà pé òótọ́ ni, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Apàtẹ-Ọnà Òde-Òní ti Vishwamitri ń kọ ìwé yìí sí yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Niruben aya yín ṣì wà ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ń ráhùn pé tíì wa kò ní atalẹ̀ tó. Lọ́jọ́ Ẹtì, a pe fóònù wọn, Ketaki ọmọ yín ló gbé e. Ó ní ìyá òun ti lọ láti Ọjọ́rú, pé àyà ló dédé dì wọ́n mú ní ibùdókọ̀ Chhota Udepur. A ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Títí di bí a ti ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ wá létí.

Ọdún méjìlélógún ni Niruben fi kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ India tó wà láàyè lọ sí òkè òkun. Àwọn tó ń wò wọ́n níbẹ̀ máa ń rò pé ohun àtijọ́ ni gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, bí ọ̀dà rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì gbẹ. Nígbà kan ní Porto, ní ilẹ̀ Portugal, alábòójútó gbọ̀ngàn kan lẹ ìwé mọ́ abẹ́ àwòrán Jemli Rathwa, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán wa, pé: "Iṣẹ́ ẹ̀yà Rathwa. A kò mọ ẹni tó yà á." Jemli fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì. Niruben bi alábòójútó náà pé ta ló ya àwòrán òyìnbó tó wà ní yàrá kejì. Ó dárúkọ ẹni náà, ó tún dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni Niruben wí. "Jemli ló dúró tì yín yẹn. Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀, kò ní bù yín jẹ."

Niruben kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún èrò àfìgbà tí ọkùnrin náà tún ìwé ọ̀hún kọ.

Ìdí nìyí tí ohun tí a ṣe fi ń dùn wá. Ìpàtẹ Porto ti ọdún yìí ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn àpótí ti wà lórí omi, atẹ̀wé sì ń retí orúkọ àwọn ayàwòrán mọ́kàndínlógún láti ọwọ́ Niruben. A pè wọ́n pè wọ́n, wọn kò gbé e. Ní Ọjọ́bọ̀, inú bí èmi Falguni Vaidya, akọ̀wé ẹgbẹ́, mo sì kọ̀wé sí wọn pé: "Niruben, ṣé ẹ ti fẹ̀yìn tì ni, a kò gbọ́? Gbogbo wa là ń dúró dè yín." Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ó dé ilé yín, nígbà tí ẹ jókòó nínú aṣọ funfun ọ̀fọ̀. Ketaki ló já a.

Ọmọ náà kò bú wa. Ó fi ìwé kan tó bá nínú àpò ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa: orúkọ mọ́kàndínlógún, pípé. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ṣe ni Niruben wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àwọn abúlé kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ bí oníkálukú ṣe ń pe ara rẹ̀. Níwájú orúkọ ìkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ pé: "Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fẹ́, kì í ṣe ti ọkọ. Ẹ má yí i."

A kò yí i. Ìpàtẹ náà yóò ṣí ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí Ketaki bá gbà, ẹgbẹ́ yóò mú un lọ sí Porto, kó dúró níbi tí ìyá rẹ̀ ì bá dúró. Kirtibhai, ohunkóhun tí ilé bá nílò fún ètò ọjọ́ kẹtàlá ikú wọn, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ní ti lẹ́tà náà, mi ò ní àwáwí. Kí Ọlọ́run tù yín nínú, kí Ó dúró tì yín nínú ilé tó dá páro yìí. Kí Ó sì jẹ́ kí ẹ lè dárí jì mí: ẹni tí mo mọ̀ pé yóò fún mi ní èsì gbígbóná lọ́jọ́ kejì ni mo kọ ọ́ sí.

Falguni Vaidya,
Akọ̀wé, fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.