Ìhágún Lórí Ṣọ́ọ̀bù Kejì

Èmi, Ọ̀gá Afárídán, onígbàjámọ̀, ọkọ alágbàfọ̀, bàbá ọmọ méjì, ni mo jókòó lónìí láti kọ ìhágún mi. Orí mi pé, ojú mi ń ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Lọ́la ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún mi. Dókítà ní kí n má fòyà, ó ní kò ju ìgbà tí èmi ń fá irùngbọ̀n ènìyàn lọ. Èmi ni mo mọ ohun tí abẹ máa ń ṣe nígbà mìíràn fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́.

Agbẹjọ́rò kan wà tí mo ń gé irun fún. Ó sọ iye tí òun ń gbà lórí ewé ìhágún kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọn páúdà sí i lọ́rùn, mo sì lọ ra bébà. Ìwé girama ni mo kà mọ. Bí ibì kan kò bá rí bí ilé ẹjọ́ ṣe ń kọ ọ́, kí wọ́n fojú fò ó.

Alámòójútó ìhágún yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Akápò. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé bírò á wà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń kà á. Ẹ rọra.

Ìkínní. Ilé tí à ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀, mo fi sílẹ̀ fún ìyàwó mi, Ìyá Ilé. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi má ṣe wá wọn ògiri rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún un láti fọ̀, mo sì gbàgbé owó sínú àpò rẹ̀. Ó dá owó náà padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti fẹ́ ẹ.

Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo yọ àwọn tó kù lọ́dún tí mo dá ètò ìṣọ́wóná sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àkọ́bí mi fi ẹnu gbá férémù, eyín iwájú rẹ̀ kán. Owó tí dókítà eyín gbà lọ́wọ́ mi ì bá tan iná sí gbogbo yàrá wa fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí a délé, mo pe ìpàdé, mo sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́, nítorí eyín ti gbówó lórí.

Ìkejì. Àwọn adìẹ mẹ́ta tó kù ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin. Mo rà wọ́n kí a má baà máa ra ẹyin mọ́. Oúnjẹ wọn, oògùn wọn àti wáyà tí mo fi ṣe ilé wọn ló sọ ẹyin wa di ẹyin tó wọ́n jù ní àdúgbò. Mo ní kí a pa wọ́n jẹ, àmọ́ ó ti fún wọn lórúkọ, ó sì bi mí pé, "Bàbá, èwo nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ fẹ́ kọ́kọ́ jẹ?" Tirẹ̀ ni wọ́n, àwọn àti ìnáwó wọn.

Kí ó dárí jì mí pẹ̀lú nítorí irun rẹ̀. Kí n má baà máa sanwó irun dídì ni mo ṣe gé e kanlẹ̀. Owó ìborí tí ìyá rẹ̀ ń rà fún un lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ sọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Ìkẹta. Kílípà mi, sísọ́ọ̀sì, abẹ àti àga onírin tó ń lọ sókè sódò ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àkọ́bí mi. Ó ní fóònù lòun fẹ́ máa tún ṣe. Kò burú. Kí ó ṣáà má tà wọ́n ní ìtàkútà.

Ìkẹrin. Àwọn tó jẹ mí lówó irun, mo ti fi jì wọ́n. Mi ò kúkú lè lọ lẹ irun náà padà mọ́ wọn lórí. Gbèsè tèmi ni èyí tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi, owó tí ẹ yá mi láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ṣì wà lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ tí ẹ kó o fún mi, ẹ wò mí títí, ẹ ní, "Àbúrò, ṣé orí àwọn èèyàn lo fẹ́ gé níbẹ̀, àbí ẹnìkan wà tó o fẹ́ kó máa rí ọ?" Mo ní ẹ kò mọ̀ nípa òwò. Mo sì tún ka owó náà lójú yín.

Ìkarùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù kejì, pẹ̀lú àga aláwọ méjì, dígí ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù, mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ mi lápapọ̀. Mo pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ tì í pa. Owó ilé rẹ̀ yóò tó san níparí oṣù yìí. Kí Ìyá Ilé mú owó tó ń dá sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn alágbàfọ̀, tí yóò kó lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó fi san án, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ ìkẹyìn mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá Kékeré kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó gba òmìnira, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé àwọn oníbàárà mi ní títì, orí wọn ń dán, kì í sì í ṣe èmi ni mo fá a. Ni mo bá lọ gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tirẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà, iná mẹ́rin ló ń tàn níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, kó má baà rò pé ọjà mi ti kú. Oníbàárà kì í wá. Ọmọ iṣẹ́ tí mo gbà síbẹ̀, oorun ló ń sùn. Gbogbo ohun tí a fi ìyà ṣọ́ nílé, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ìyàwó mi kò kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ọṣẹ ti la àárín ìka òun, àti pé òun fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ètò ìnáwó ilé wa, níbi tí mo ti jẹ́ alága, akọ̀wé àti olùdìbò kan ṣoṣo. Mo bi í pé ẹ̀rọ wo ni àwọn ará àtijọ́ fi ń fọṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹrù aṣọ oníbàárà gba òpópónà yẹn kọjá. Ó rí iná mẹ́rin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn tútù fẹ́ ẹ lójú, ọmọ iṣẹ́ mi sì ń hanrun lórí àga aláwọ. Nígbà tí mo délé, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú àwo oúnjẹ mi. Ó ní, "Bàbá Wọn, ẹ bá wa gbé èyí náà lọ síbẹ̀. Ó jọ pé ibẹ̀ ò tíì mọ́lẹ̀ tó."

Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, ó tán.

Síbẹ̀ mo kọ ìkarùn-ún yìí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bá òkú jiyàn.

Ìkẹfà. Mo fagi lé ìkarùn-ún. Bébà mìíràn á gbówó, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ má ṣáà tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí mo kọ ọ́ débẹ̀, mo dìde lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà láti wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ amúlétutù, kí ìhágún lè péye. Ọ̀gá Kékeré rí mi, ó sáré sọdá. "Ọ̀gá mi, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé irun mi kẹ́ ẹ tó lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò mọ̀ ọ́n gé." Òun lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà lọ́sẹ̀ yìí, bí mo bá yọ ẹni tó ń sùn kúrò. Mo bi í bí ọjà ṣe ń lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ohun tí kò yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí kílípà bá wà létí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí n má purọ́ fún yín, owó iná fẹ́ pa mí. Tí mo bá ti fẹ́ pa ẹ̀rọ amúlétutù, màá yọjú wo ọ̀dọ̀ yín, màá rí i pé tiyín ń ṣiṣẹ́. Màá ní, ẹ ò rí i, Ọ̀gá ń tà! Ojú á tì mí, màá tún fi sílẹ̀."

Ọdún méjì nìyẹn. Èmi ń tan iná fún un, òun ń tan iná fún mi, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ò sì kí ẹnikẹ́ni nínú wa kú ìnáwó rí.

Nítorí náà, owó ẹgbẹ́ jẹ́ ti Ìyá Ilé nìkan. Kí ó fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí ó má sì ra èyí tó kéré torí pé ó pọ́ọ́kú. Ọ̀gá Kékeré yóò ra àwọn àga aláwọ náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa san owó rẹ̀ fún títí gbèsè mi á fi tán. Kí kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ onílé.

Ìkeje. Mo mọ ara mi. Ẹ̀rù ló sọ mí di ọlọ́gbọ́n lónìí. Bí mo bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí n óò fi rí ìdí tó fi yẹ ká tún dán ṣọ́ọ̀bù náà wò. N óò ní àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ibẹ̀ ni. N óò pe ìpàdé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ìkẹfà kò gbọdọ̀ dúró de ikú mi. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí. Bí wọ́n bá ti fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun lọ́la, ẹ dìde, ẹ gbé e fún onílé, kí ẹ sì ti padà dé kí n tó lajú. Bí mo bá béèrè rẹ̀, ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Mo fọwọ́ sí i lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2018.

Ọ̀gá Afárídán

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ọ̀gá Kékeré, onígbàjámọ̀, tó bá mi gbé báàgì wá.

Ẹlẹ́rìí kejì: Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, tó ka ìkeje lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i, tó sì ní òun yóò sọ bẹ́ẹ̀.